Gáàsì fíríìjì ń yí padà, ta ló máa ra fírísà tuntun fún ìyá ẹlẹ́ja?

Ẹja yìnyín tí àwọn àgbà ń pè ní òkú Èkó, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Inú òkun tó jìnnà ni wọ́n ti ń pa á, wọ́n á dì í sínú páálí, á gba etíkun Èkó wọlé, kó tó wá dé Ìbàdàn, Òṣogbo, Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì. Ó ti kú tipẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ kò jẹrà. Ohun tí kò jẹ́ kó jẹrà ni kóòdù-rúùmù tó wà ní Ìjọrà, ọkọ̀ oníyìnyín tó gbé e, àti fírísà ìyá tó ń tà á ládùúgbò yín. Nínú gbogbo wọn, gáàsì kan wà tó ń yípo.

Gáàsì yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nítorí àgbáyé ti fẹnu kò pé àwọn fẹ́ dín in kù. Nàìjíríà náà ti fọwọ́ sí i. Gbèdéke tí wọ́n dá sì ti ń ká mọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ bi ìyá ẹlẹ́ja, ẹ bi ẹni tó ń ta yìnyín, ẹ bi bọ̀dá tó ń ta mínírà àti áísìkiriìmù ní kọ̀rọ̀ òpópónà yín: ṣé ẹnikẹ́ni ti sọ fún wọn? Èsì tí ọ̀pọ̀ wọn máa fún yín ni pé, "Gáàsì bíi ti báwo?" Èrò tèmi ni pé àyípadà yìí dáa, ó sì pọn dandan. Àmọ́ tí a bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà yìí, àwọn tí owó wọn kéré jù ni yóò san owó rẹ̀. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibí

Fíríìjì kì í dá òtútù sílẹ̀, ooru ló ń kó jáde. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ á fún gáàsì pọ̀, gáàsì á gbé ooru inú fíríìjì lọ dà sí ìta, á tún padà wọlé lọ gbé òmíràn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fíríìjì fi máa ń gbóná. Tí gáàsì náà bá jókòó jẹ́ẹ́ sínú páìpù rẹ̀, kò sí wàhálà. Ìgbà tó bá jò jáde ni ọ̀rọ̀ dé.

Ní 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé CFC, gáàsì tí wọ́n ń lò nígbà náà, ń gòkè lọ ba ósónì jẹ́. Ósónì yìí ló dà bí agbòjò tó wà lókè lọ́hùn-ún, tó ń dín ìtànṣán oòrùn tó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara kù. Nígbà tó di 1985, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ fáyé pé ósónì tó wà lókè Antarctica ti fẹ́lẹ́ gidigidi. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1987, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Montreal, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Nàìjíríà dara pọ̀ ní 1988. Àdéhùn náà ṣiṣẹ́. Ọdún 2010 ni àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa pa CFC tì, ósónì náà sì ti ń san díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn gáàsì tó rọ́pò CFC náà ní àbùkù tiwọn. R-22, tó wà nínú ọ̀pọ̀ AC àti kóòdù-rúùmù àtijọ́, ṣì ń ba ósónì jẹ́ díẹ̀. R-134a àti R-404A kò fọwọ́ kan ósónì, àmọ́ wọ́n ń mú ayé gbóná. Bí àwọn onímọ̀ ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí: wọ́n fi kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì, ìyẹn èéfín tó ń jáde tí a bá ń sun epo, ṣe 1. R-134a jẹ́ 1,430. R-22 jẹ́ 1,810. R-404A, tó wọ́pọ̀ nínú kóòdù-rúùmù, jẹ́ 3,922.

Ẹ jẹ́ ká fi epo bẹntiróòlù ṣírò rẹ̀ kó lè yé wa. Tí lítà bẹntiróòlù kan bá jóná, kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì tó ń tú sáfẹ́fẹ́ ju kílò méjì lọ díẹ̀. Kílò R-404A kan ṣoṣo tó bá jò dà nù dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bíi 1,700 lítà bẹntiróòlù. Dánfó tó bá ń jó 40 lítà lójúmọ́ máa ṣiṣẹ́ fún ogójì ọjọ́ ó lé kó tó ṣe irú ìpalára yẹn. Kílò kan péré nìyẹn o. Ọ̀pọ̀ kílò ló sì ń wà nínú kóòdù-rúùmù kan.

Ohun tí Nàìjíríà fọwọ́ sí

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tún pàdé ní Kigali, ní Rwanda, wọ́n sì fi àtúnṣe kún àdéhùn Montreal kó lè kan àwọn gáàsì bíi R-134a àti R-404A. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé tí gbogbo ayé bá mú un ṣẹ, ó lè gbà wá lọ́wọ́ ìgbóná tó tó nǹkan bí ìdajì díígírì kí ọ̀rúndún yìí tó parí. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní ọdún 2018.

Wọn ò sọ pé kí gbogbo ayé sáré kan náà. Àwọn orílẹ̀-èdè olówó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín tiwọn kù láti 2019. Ní tiwa, ọdún 2024 ni a gbọ́dọ̀ dúró sójú kan, kí iye tí à ń kó wọlé má lọ sókè mọ́. Tó bá di 2029, a máa dín ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kù. Ní 2035, ìdá 30. Ní 2040, ìdá 50. Ní 2045, ìdá 80. Ti R-22 tiẹ̀ yá ju ìyẹn lọ: ó yẹ kí ìdá 67.5 nínú rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ ní 2025, nígbà tó bá sì di 2030, ìwọ̀nba bíńtín fún àtúnṣe ẹ̀rọ tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n máa gbà láyè.

Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ. "Àwọn òyìnbó ló ba ayé jẹ́, kí ló wá kàn wá?" Òótọ́ wà níbẹ̀. Ìdí gan-an nìyẹn tí wọ́n fi fún wa ní àsìkò ju tiwọn lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ òyìnbó díẹ̀, ká sọ ti ọjà. Gáàsì tí àgbáyé bá ń dín kù, á wọ́n. Ní Yúróòpù, nígbà tí òfin ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún R-404A lọ́rùn, owó rẹ̀ fò sókè gidigidi ní 2017. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ tó ń lo irú gáàsì yẹn lónìí ń ra wàhálà tó máa dé bá a lọ́la. Igi gànràngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ìwé òfin kò wọ́n wa

Òfin ni mo kà ní yunifásítì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ níbẹ̀. Abala 12 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé àdéhùn tí ìjọba bá bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe kò ní agbára òfin nínú ilé títí tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fi máa sọ ọ́ di òfin. Nítorí náà, kí èèyàn lọ fọwọ́ síwèé ní òkè òkun kò tó. Àmọ́ ní ti ọ̀rọ̀ gáàsì yìí, a ní òfin nílé. Òfin tó dá NESREA sílẹ̀ ní 2007 fún àjọ náà láṣẹ láti rí i pé à ń tẹ̀ lé àwọn àdéhùn àgbáyé lórí àyíká, ó sì dárúkọ ojú ọjọ́ àti ósónì níbẹ̀. Ní 2009, wọ́n tún ṣe ìlànà lórí ààbò ósónì. Ó tán? Rárá. Ẹ wo àkọsílẹ̀ ọjà tí àwọn aṣọ́bodè sọ pé kò gbọ́dọ̀ wọlé. Fíríìjì tòkunbọ̀, fírísà tòkunbọ̀, AC tòkunbọ̀ àti kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ wà níbẹ̀ kedere.

Ẹ ó ti máa rẹ́rìn-ín. Lójú òfin, fírísà tòkunbọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ Nàìjíríà. Ẹ wá lọ sí ọjà Alaba kí ẹ wò ó. Wọ́n tò ó ní ìpele ìpele, bíi pé kò sí òfin kankan níbì kan.

Ibo ni wọ́n ti ń wá? Apá kan nínú ìdáhùn wà nínú òfin àwọn ẹlòmíràn. Láti 2020, Yúróòpù kò gbà kí wọ́n ta ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìmútutù tuntun tí gáàsì rẹ̀ bá tó 2,500 lórí ìwọ̀n tí mo sọ lókè yẹn. Láti 2022, fíríìjì ṣọ́ọ̀bù tuntun tí wọ́n dí pa láti iléeṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ lo gáàsì tó bá tó 150. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan níbẹ̀ bá wá ra tuntun, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ti àtijọ́? Ọ̀pọ̀ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ló máa ń bọ́ sínú kọ̀ǹténà. Wọ́n ṣe òfin tuntun kan ní 2024 tó fẹ́ dí ọ̀nà yẹn láti ọ̀dọ̀ tiwọn, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ti ilẹ̀kùn ilé tirẹ̀ kò lè fi gbogbo ẹ̀bi sọ́rùn ẹni tó wọlé.

Kò sì sí ẹni tí irú fírísà yẹn ń gbè. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ ti darúgbó, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ti yọ̀, iná ló ń jẹ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bíi N68 lọ sí N225 fún yúnìtì kan. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ nítorí owó pọ́ọ́kú, iná ló máa fi san èyí tó kù. Nígbà tí Nẹ́pà bá sì mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ náà á tún gba tiẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má bá ìyá ẹlẹ́ja wí. Owó tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló fi rajà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé lọ́jọ́ tí ìjọba bá jí, orí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí. Ẹ rántí ìgbà tí Èkó fòfin de ike fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Wọ́n kọ́kọ́ kéde pé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni. Ariwo ta, wọ́n wá fún àwọn èèyàn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ike oúnjẹ nìyẹn, ó ṣeé fi ewé rọ́pò. Ẹni tí wọ́n bá gba fírísà ẹ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀, kí ló máa fi rọ́pò ẹ̀ lọ́sàn-án? Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹja tó gbà láwìn máa bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà wa

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Gáàsì fíríìjì kì í tán bí epo ọkọ̀ ṣe ń tán. Yípo ló ń yípo, kò síbi tó ń lọ. Tí ẹnjiníà bá sọ fún yín pé gáàsì ti dín kù, ó ti jò nìyẹn. Ẹ bi í pé ibo ló gbà jáde. Tó bá kàn rọ gáàsì tuntun sí i láì wá ojú ibi tó ń jò, ẹ ó tún pè é láìpẹ́, ẹ ó tún sanwó, gáàsì náà á sì tún fẹ́ lọ sójú ọ̀run. Bákan náà, tó bá fẹ́ tú ẹ̀rọ palẹ̀, ṣe ló yẹ kó fa gáàsì inú rẹ̀ sínú sílíńdà, kì í ṣe kó gé páìpù kó máa wò ó bó ṣe ń sú fùù.

Kí ló wá máa rọ́pò àwọn gáàsì wọ̀nyí? Fún fíríìjì ilé àti fírísà ṣọ́ọ̀bù, R-600a àti R-290 ni. Ìbátan gáàsì ìdáná ni àwọn méjèèjì. Lórí ìwọ̀n tí R-404A ti jẹ́ 3,922, nǹkan bíi 3 péré ni tiwọn. Kì í ṣe ohun tuntun rárá: láti 1993 ni wọ́n ti ń ta irú fíríìjì bẹ́ẹ̀ ní Jámánì. Ní 2009, Coca-Cola náà kéde pé tó bá di 2015, fíríìjì tuntun tí àwọn ń rà kò ní lo àwọn gáàsì tó ń mú ayé gbóná wọ̀nyẹn mọ́. Fún àwọn ibi ńlá, amóníà àti kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì fúnra rẹ̀ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé amóníà ní májèlé, tí kábọ́ọ̀nù sì ń fẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ tó gbóná bíi tiwa.

Àbùkù R-290 àti R-600a ni pé wọ́n lè gbiná. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ fi ń fi ìwọ̀nba gíráàmù sínú ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ń ṣe àwọn nǹkan iná inú rẹ̀ kó má baà ta pàrà. Tẹ́lẹ̀, gíráàmù 150 ni òdiwọ̀n àgbáyé gbà fún fírísà ṣọ́ọ̀bù. Ní 2019, wọ́n gbé ti R-290 dé nǹkan bíi 500. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá ṣe fún un kò léwu ju ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà nínú ilé wa lọ.

Ibi tó ti léwu ni kí ẹnìkan gbé gáàsì ìdáná, kó rọ ọ́ sínú fírísà tí wọ́n ṣe fún R-134a, nítorí pé R-134a wọ́n. Gáàsì ìdáná kò mọ́ tó, fírísà náà kò sì ní ààbò kankan fún ohun tó lè gbiná. Ẹ ro ó wò nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró tí fèrèsé ò sí, tí jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Tí ṣọ́ọ̀bù kan bá gbiná lọ́jà, kì í dá jó.

Ayédèrú náà ńkọ́? Ní 2011, kọ̀ǹténà oníyìnyín bú gbàmù ní Vietnam àti Brazil, èèyàn mẹ́ta sì kú. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé ayédèrú R-134a ni wọ́n rọ sínú wọn. Kẹ́míkà mìíràn ló wà nínú sílíńdà, kẹ́míkà yẹn sì bá irin aluminiọ́mù inú ẹ̀rọ jà. Bí gáàsì tòótọ́ bá ṣe ń wọ́n sí i ni ayédèrú á máa pọ̀ sí i. Ta ló ń yẹ sílíńdà wò lọ́jà tiwa?

Ta ló máa san án?

Ẹ wo Gánà, aládùúgbò wa. Ní 2008, wọ́n ṣe òfin tó de fíríìjì àti AC tòkunbọ̀. Wọn ò sáré gbé pàṣán. Ọdún 2013 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú un. Kó tó di ìgbà yẹn, ní 2012, wọ́n ti gbé ètò kan kalẹ̀: gbé fíríìjì àtijọ́ rẹ wá, a óò bá ẹ dín owó tuntun kù. Mi ò sọ pé gbogbo ìṣòro Gánà ti tán. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n fi òfin sí ọwọ́ kan, wọ́n fi ìrànlọ́wọ́ sí ọwọ́ kejì.

Kò sì yẹ kí a máa sọ pé kò sí owó. Lábẹ́ àdéhùn Montreal, àpò owó kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó ń dá owó sí fún irú àwa yìí. Ó ti ná ju bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ láti nǹkan bí 1991, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó ń jàǹfààní rẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni bóyá owó náà ń dé ọjà, àbí inú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ní Abuja ló ń parí sí.

Ohun mẹ́rin ni mo ń béèrè. Àkọ́kọ́, kí wọ́n dá òfin tòkunbọ̀ dúró sí etíkun, níbi tí kọ̀ǹténà ti ń wọlé, kí wọ́n má dúró de ìgbà tó bá dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá ẹlẹ́ja. Èkejì, kí wọ́n ṣe ètò pàṣípààrọ̀ bíi ti Gánà, kí wọ́n sì gba inú ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbé e kalẹ̀, kí èèyàn lè máa san owó fírísà tuntun díẹ̀díẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja tó ń dá ajọ lójoojúmọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń san gbèsè. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n kọ́ àwọn ẹnjiníà wa lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n fún wọn ní ìwé àṣẹ, kó sì jẹ́ pé ẹni tó bá ní ìwé yẹn nìkan ni wọ́n á máa ta gáàsì fún. Ìyẹn á jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ dáadáa rí owó gidi gbà ju ẹni tó kàn ń rọ gáàsì kiri lọ. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ńlá: ṣọ́ọ̀bù ńláńlá, iléeṣẹ́ ọtí àti mínírà, àwọn tó ní kóòdù-rúùmù. Wọ́n ní owó, wọ́n ní ẹnjiníà, gáàsì tó wà lọ́wọ́ wọn ló sì pọ̀ jù.

Bí ẹ bá wà lára àwọn tó fẹ́ ra fírísà lọ́dún yìí, bóyá fún ìyá yín, bóyá fún òwò zobo tàbí ẹja tí ẹ̀yin fúnra yín ń tà lórí Instagram, ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ wá ìwé kékeré tó wà lára rẹ̀ tàbí lára kọ̀ńpúrẹ́sọ̀. Tí ẹ bá rí R-600a tàbí R-290, pẹ̀lú àmì iná nínú igun mẹ́ta, ó dáa, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ R-134a tàbí R-404A ni ẹ rí, ẹ rántí 2029 àti 2035, kí ẹ sì dúnàá-dúrà dáadáa. Tó bá jẹ́ R-22, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé: ètò wo ló wà fún àwọn tí kò lè ra tuntun? Láti 2018 ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé yìí lórúkọ gbogbo wa. Ó ti tó àsìkò kí wọ́n wá ṣàlàyé rẹ̀ lọ́jà.